Táyà túbúlẹ́ẹ̀sì wo ló tó gbára lé lójú yangí Ìkòròdú sí Ẹ̀pẹ́?

Ọ̀nà tó ti Ìkòròdú gba Ìmọ̀ta lọ sí Ìtòìkín, kó tó já sí Ẹ̀pẹ́, kì í ṣe ọ̀nà kan ṣoṣo lójú ẹni tó ń gun kẹ̀kẹ́ ológeere. Ọ̀dà wà níbẹ̀, kòtò wà nínú ọ̀dà náà. Ẹni tó bá sì yà sọ́tùn-ún tàbí sósì, inú yangí pupa ló bọ́ sí, láti ibẹ̀ dé inú iyanrìn, tí òjò bá sì ti rọ̀, ẹrọ̀fọ̀ ni. Táyà tẹ́ẹ́rẹ́ mílímítà 25 tó wà lára kẹ̀kẹ́ eré ìje kò ní í délé. Táyà kẹ̀kẹ́ orí òkè á délé, àmọ́ orúnkún ẹni tó ń gùn ún á ti rẹ̀ kó tó kan Ìmọ̀ta. Àárín méjèèjì yìí ni táyà gravel (ti kẹ̀kẹ́ tó ń gba yangí àti òkúta wẹ́wẹ́) àti ti cyclocross (ti eré ìje inú ẹrẹ̀ àti koríko) wà, túbúlẹ́ẹ̀sì, èyí tí kì í lo túùbù nínú, ló sì dáa jù nínú wọn. Kì í ṣe gbogbo rẹ̀ ló yẹ ní rírà ṣá o, kì í sì í ṣe gbogbo ẹni tó ní kẹ̀kẹ́ ló yẹ kó rà á.

Ẹ jẹ́ ká ti sọ ibi tá a fì sí jáde: bí táyà ṣe fẹ̀ tó, àti bí aṣọ inú rẹ̀ ṣe lágbára tó, ṣe pàtàkì ju irú eyín tó wà lójú rẹ̀ lọ. Eyín táyà ni àwọn tó ń tajà máa ń yà fótò rẹ̀ torí ó dùn ún wò. Aṣọ inú kì í hàn nínú fótò, òun ló sì ń gba ìyà.

Ọ̀tá táyà lágbègbè yìí mẹ́ta ni. Èkíní ni wáyà. Táyà tírélà tó bá bẹ́ lójú ọ̀nà Ṣàgámù, tàbí níwájú àwọn iléeṣẹ́ tó wà ní Odògúnyán, máa ń fi wáyà irin tó tín-ín-rín bí irun ìrù ẹṣin sílẹ̀. Òjò á gbá a lọ sí etí títì, ibẹ̀ gan-an sì ni kẹ̀kẹ́ ń gbà. Tó bá wọ táyà, èèyàn kì í mọ̀. Á kàn máa jò wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ ni, á sì ti pẹlẹbẹ kílẹ̀ tó mọ́. Èkejì ni etí kòtò àti òkúta yangí gbígbẹ. Tí táyà bá gbá a, túùbù á há sáàárín òkúta àti ríìmù, ihò méjì á sì lu sára rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Ẹ̀kẹta ni iyanrìn. Iyanrìn kì í lu táyà, ṣùgbọ́n kì í jẹ́ kí táyà tóóró rìn.

Túbúlẹ́ẹ̀sì mú ọ̀rọ̀ túùbù tó ń há kúrò nílẹ̀ torí kò sí túùbù mọ́. Ti wáyà, oje funfun tí wọ́n ń pè ní sealant ló ń bójú tó o. Oje rọ́bà ló pọ̀ jù nínú èyí tí wọ́n ń lò jù, irú èyí tí wọ́n ń dá lára igi. Ó ń ṣàn kiri nínú táyà bí kẹ̀kẹ́ ṣe ń yí. Tí ihò bá lu, afẹ́fẹ́ tó ń sá jáde á fà á wọnú ihò náà, á dì síbẹ̀. Ihò wáyà àti ti ẹ̀gún, ẹ lè má mọ̀ pé ó lu rí. Ti iyanrìn, ohun tó yanjú ẹ̀ ni pé ẹ lè dín afẹ́fẹ́ kù gan-an láìbẹ̀rù, táyà á tẹ́, á sì gun orí iyanrìn dípò kó rì.

Kẹ́ ẹ tó ra ohunkóhun, ẹ ka nọ́ńbà tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ táyà tó wà lára kẹ̀kẹ́ yín báyìí. Ẹ fi 26, 28 tàbí 700 tí wọ́n kọ gàdàgbà sílẹ̀. Èyí tó kéré, tó ní àmì dáàṣì láàárín, bíi 40-622, ni kẹ́ ẹ wá. 40 ni fífẹ̀ táyà ní mílímítà. 622 ni ìdábùú òbírí ríìmù níbi tí etí táyà ń jókòó sí, òun sì ni ìwọ̀n tí wọ́n ń pè ní 700C. 584 ni èyí tí wọ́n ń pè ní 650B. 559 ni ti kẹ̀kẹ́ orí òkè oní-26 tó pọ̀ láàárín àwọn tokunbo. Kẹ̀kẹ́ dúdú onírin ti àwọn bàbá wa ńkọ́? 635 ni, bẹ́ẹ̀ 28 ni wọ́n kọ sára tiẹ̀ náà, 28 ni wọ́n sì máa ń kọ sára 622. Mílímítà 13 ló wà láàárín wọn. Ẹni tó bá wí fún ọlọ́jà pé "ẹ fún mi ní 28" lè gbé ohun tí kò ní wọ ríìmù délé.

Ẹ wo ríìmù náà dáadáa. Ríìmù túbúlẹ́ẹ̀sì ní kòtò láàárín, ó sì ní èjìká pẹrẹsẹ méjì lápá ọ̀tún àti òsì níbi tí etí táyà ti ń há gírí. Èyí tí kò ní èjìká, bí wọ́n ti lè fi téèpù dì í tó, afẹ́fẹ́ á máa pọ́ jáde lẹ́gbẹ̀ẹ́ nígbà tẹ́ ẹ bá fì sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan ní kọ́nà. A kò gba ẹnikẹ́ni níyànjú pé kó fi tipátipá sọ ríìmù lásán di túbúlẹ́ẹ̀sì. Ẹ tún fi ọwọ́ wọn àyè tó wà láàárín táyà àti férémù: ó kéré tán mílímítà 5 lápá kan, 5 lápá kejì. Ẹrẹ̀ pupa wa kì í bọ́ bọ̀rọ̀, á máa ha férémù bí ìyọ̀rìn ni.

Nípa cyclocross, àjọ UCI tó ń ṣàkóso eré kẹ̀kẹ́ lágbàáyé kò gbà kí táyà fẹ̀ ju mílímítà 33 lọ nínú ìdíje. Òfin ìdíje nìyẹn o. Kò sẹ́ni tó máa mú rúlà dúró de yín ní Ìtòìkín. Tí kì í bá ṣe pé férémù cyclocross yín kò gba ju bẹ́ẹ̀ lọ, ẹ má ra 33 fún ọ̀nà wa. 40 ni ìbẹ̀rẹ̀, 45 ló bá a mu jù.

Ó wá ku orúkọ. Èyí tá a máa kọ́kọ́ nawọ́ sí ni Maxxis Rambler, ti iléeṣẹ́ Taiwan. Eyín àárín rẹ̀ kéré, ó sún mọ́ra, ìyẹn ni kì í fi í pariwo lójú ọ̀dà. Ti ẹ̀gbẹ́ ga jù ú lọ díẹ̀. Ó wà ní 38, 40, 45 àti 50. Ohun tẹ́ ẹ gbọ́dọ̀ wò lára rẹ̀ ni ọ̀rọ̀ kékeré tí wọ́n kọ tẹ̀ lé orúkọ. EXO túmọ̀ sí pé ẹ̀gbẹ́ nìkan ni wọ́n fi aṣọ kún. SilkShield túmọ̀ sí pé aṣọ ààbò náà ti etí kan dé etí kejì, ó gba abẹ́ eyín kọjá. Lọ́dọ̀ àwọn tí òkúta mímú pọ̀ sí, EXO ti tó. Lọ́dọ̀ wa tó jẹ́ pé wáyà ń gba àárín wọlé, SilkShield ni kẹ́ ẹ rà, bó tilẹ̀ wúwo díẹ̀. Owó tó fi yàtọ̀ kò tó owó wàhálà.

Panaracer GravelKing SK, ti Japan, ni ọ̀pọ̀ èèyàn mọ̀. Eyín wẹ́wẹ́ onígun mẹ́rin ló kún ojú rẹ̀ bí àgbàdo ṣe tò sára ṣúkù. Tí ọ̀nà bá gbẹ, tí ọ̀dà sì pọ̀ nínú ìrìn yín, ó ń sáré dáadáa. Tí òjò bá rọ̀, ẹrẹ̀ á dí gbogbo àyè tó wà láàárín eyín wọ̀nyẹn, á wá di táyà tí kò léyín rárá. WTB Riddler 45 ti Amẹ́ríkà sàn díẹ̀ jù ú lọ níbi tí yangí ti fọ́ sí wẹ́wẹ́ lórí ilẹ̀ líle, torí pé eyín àárín rẹ̀ rẹlẹ̀, ti ẹ̀gbẹ́ sì ga gan-an: tẹ́ ẹ bá fì sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan ní kọ́nà, eyín ẹ̀gbẹ́ á bu ilẹ̀ jẹ. Àmọ́ ìgbà tẹ́ ẹ bá fì gan-an ló tó kàn án, ẹni tó bá ń fi ẹ̀rù fì díẹ̀díẹ̀ kò ní í rí àǹfààní rẹ̀.

Láti oṣù kẹfà sí ìkeje, àti lẹ́yìn ìsinmi òjò oṣù kẹjọ, Continental Terra Trail ló mọ́gbọ́n wá. Eyín rẹ̀ jìnnà síra ju ti Terra Speed tí wọ́n jọ jáde lọ, ẹrẹ̀ á lè rí ibi bọ́ dànù. Ẹ mú èyí tí wọ́n kọ ProTection sí, orúkọ tí wọ́n fún aṣọ ààbò tiwọn nìyẹn. Ẹni tó jẹ́ pé apá Àgbádárìgì ló ń gùn, níbi tí ọ̀nà ti ń kọjá lábẹ́ àgbọn tí ilẹ̀ sì jẹ́ kìkì iyanrìn, kó má da ara rẹ̀ láàmú nítorí eyín. Eyín ń walẹ̀ iyanrìn ni, fífẹ̀ ló ń gbé èèyàn kọjá. WTB Byway 47-584, tí àárín rẹ̀ dán tí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ nìkan ní eyín, dáa níbẹ̀ tí kẹ̀kẹ́ bá gba 650B. Nínú ẹrẹ̀, ẹ má dán an wò.

Fún àwọn tó ń múra ìdíje cyclocross: Vittoria Terreno Dry fún ilẹ̀ gbígbẹ, ojú rẹ̀ tò léra bí ìpẹ́ ẹja, ẹni tó bá ti dé ọjà ẹja Ẹ̀pẹ́ rí á dá a mọ̀ láti òkèèrè. Donnelly PDX 33 fún ẹrẹ̀. Ó parí.

Ibi tí owó ti ń ṣòfò jù kì í ṣe lórí táyà, lórí dídè rẹ̀ ni. Ẹ ra téèpù ríìmù, èyí tó ń dí ihò sípóòkù nínú ríìmù, tó fi mílímítà 2 sí 4 fẹ̀ ju inú ríìmù lọ: ríìmù 21, téèpù 25. Kì í ṣe sẹ̀látéèpù, kì í ṣe téèpù àwọn oníná. Ẹ fi sípírítì àti aṣọ funfun nu inú ríìmù títí aṣọ yóò fi máa jáde ní mímọ́. Ọ̀rá ọwọ́ lásán tó láti mú kí téèpù ṣí. Ẹ bẹ̀rẹ̀ ní ìwọ̀n ìka mẹ́rin sí ẹ̀gbẹ́ ihò fáàfù, ẹ nà án gírí bẹ́ ẹ ṣe ń lẹ̀ ẹ́, ẹ fi àtàǹpàkò tẹ̀ ẹ́ wọnú kòtò àárín, ẹ yí i dé ibi tẹ́ ẹ ti bẹ̀rẹ̀, kẹ́ ẹ sì kọjá ihò fáàfù pẹ̀lú ìka mẹ́rin mìíràn, kí ibi ihò náà lè ní ìlọ́po méjì. Ẹ má fi ọ̀bẹ la ihò fáàfù. Ibi tí ọ̀bẹ bá là á máa ya sí i. Ẹ mú ìṣó tín-ín-rín, ẹ fi iná ṣáná sun ún, kẹ́ ẹ fi gún un láti inú: téèpù á yọ́ yí ihò náà ká, etí rẹ̀ á sì dì.

Fáàfù túbúlẹ́ẹ̀sì ní ìdí rọ́bà. Ẹ fi ọwọ́ mú nọ́ọ̀tì rẹ̀ le, ẹ má fi páláyà kàn án. Tí páláyà bá mú un le jù, kò ní í ṣeé tú lójú pópó tẹ́ ẹ bá fẹ́ ki túùbù bọ̀ ọ́. Ẹ wá wọ táyà náà, ẹ po omi ọṣẹ, kẹ́ ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì pa á sí etí rẹ̀ yí ká.

Ibi tí fọganáísà ti ń wọ ọ̀rọ̀ nìyí. Pọ́ǹpù ẹsẹ̀ lásán sábà máa ń kùnà láti gbé etí táyà tuntun jókòó, torí ó nílò afẹ́fẹ́ púpọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Kọ́ńpúrẹ́sọ̀ fọganáísà ní i, àmọ́ ẹnu rẹ̀, ti fáàfù mọ́tò ni, ti kẹ̀kẹ́ yín tẹ́ẹ́rẹ́ jù ú lọ. Àdápítọ̀ bàbà kékeré kan wà tí wọ́n ń dè sórí fáàfù tẹ́ẹ́rẹ́ kó lè gba ẹnu ti mọ́tò. Ẹ ra méjì, ọ̀kan á sọ nù. Ẹ tún mọ èyí: ara irin inú fáàfù, èyí tó ṣeé tú, ni àdápítọ̀ ń dì mọ́. Tẹ́ ẹ bá ti tú irin inú náà kí afẹ́fẹ́ lè wọlé kíá, àdápítọ̀ kò ní ibi tó máa dì mú mọ́. Ẹ ní kí fọganáísà lo ẹnu ìfẹ́fẹ́ onírọ́bà, irú èyí tí wọ́n fi ń fẹ́ eruku, kó tẹ̀ ẹ́ mọ́ fáàfù náà ṣinṣin.

Ẹ má kúrò níbẹ̀ nígbà tó bá ń fẹ́ ẹ. Àyè inú táyà kẹ̀kẹ́ kéré gan-an lójú ẹ̀rọ tó ń gééjì tírélà, àárín ìṣẹ́jú àáyá mélòó kan ló lè kọjá ààlà. Ẹ ka ìwọ̀n tó pọ̀ jù lẹ́gbẹ̀ẹ́ táyà, ẹ ka ti ríìmù, èyí tó bá kéré jù nínú méjèèjì ni ààlà yín. Ríìmù tuntun tí etí rẹ̀ kò ní ìkọ́, tí wọ́n ń pè ní hookless, kò gbọ́dọ̀ kọjá 72.5 psi (ìwọ̀n tí gééjì fi ń ka afẹ́fẹ́) láé. Táyà gravel tó fẹ̀ tilẹ̀ lè ní ààlà tó kéré jù bẹ́ẹ̀ lọ dáadáa. Tí etí táyà bá jókòó, á dún "pàá, pàá" lẹ́ẹ̀mejì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ táyà, nítòsí ríìmù. Ẹ yí i wò: tí ìlà náà bá rì sínú níbì kan, kò tíì jókòó níbẹ̀, omi ọṣẹ ló fẹ́ sí i.

Lẹ́yìn ìyẹn ni oje. Ẹ tú afẹ́fẹ́ jáde, ẹ yọ irin inú fáàfù, etí táyà á ṣì dúró síbi tó jókòó sí. Síríńjì oní-20 mílílítà láti kẹ́míìsì ti tó iṣẹ́ yìí. Ẹ mi ìgò oje náà dáadáa, ẹ fà á, kẹ́ ẹ fún un gba inú fáàfù: ìgbà méjì sí mẹ́ta fún táyà 33, mẹ́ta sí mẹ́rin fún 40, mẹ́rin sí márùn-ún fún 45. Ẹ dá irin inú padà, ẹ fẹ́ ẹ, ẹ yí táyà náà, kẹ́ ẹ wá fi ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kan dùbúlẹ̀ sórí bókẹ́ẹ̀tì fún ìṣẹ́jú 20, lẹ́yìn náà ẹ̀gbẹ́ kejì. Tẹ́ ẹ bá rí oje tó ń yọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ bí òógùn, ẹ má jáyà, ihò tíntìntín ara táyà tuntun ló ń dí. Oje aláwọ̀ ewé tó ki, tí wọ́n ń rọ sínú táyà ọ̀kadà, ẹ má jẹ́ kí wọ́n tà á fún yín. Fọ́nrán inú rẹ̀ á dí fáàfù tẹ́ẹ́rẹ́ yẹn pa.

Oòrùn wa kì í jẹ́ kí oje pẹ́. Ohun tí wọ́n kọ sára ìgò lè jẹ́ oṣù mẹ́ta sí mẹ́fà. Ẹ máa yẹ̀ ẹ́ wò ní ọ̀sẹ̀ mẹ́fà sí mẹ́jọ. Ẹ gbé táyà sí etí, ẹ mì í. Tẹ́ ẹ bá gbọ́ omi, ó ṣì wà. Tó bá dákẹ́, tàbí tó ń dún bíi pé nǹkan líle ń yí nínú rẹ̀, ó ti gbẹ. Èyí ló sì mú ká sọ pé kì í ṣe gbogbo èèyàn ló yẹ kó ra túbúlẹ́ẹ̀sì. Kẹ̀kẹ́ tó ń dúró sí ẹ̀yìnkùlé fún oṣù kan gbáko, kó tó jáde lẹ́ẹ̀kan lójú ọ̀dà, túùbù lásán ló yẹ ẹ́.

Gééjì: ẹni tó wọn nǹkan bíi kílò 70, pẹ̀lú 45, kó bẹ̀rẹ̀ láti 26 psi níwájú, 29 lẹ́yìn. Pẹ̀lú 40, 30 àti 33. Pẹ̀lú 33 ti cyclocross, nínú ìdíje lórí ilẹ̀ rírọ̀, 24 àti 26, kó dín in sí 21 nínú ẹrẹ̀. Ẹni kílò 90, kó fi 4 tàbí 5 kún un. Tí iyanrìn bá pọ̀, ẹ yọ 4 kúrò. Tẹ́ ẹ bá gbọ́ tí ríìmù ń kan òkúta "kó!", ẹ ti dín in jù. Tí afẹ́fẹ́ bá ń pọ́ jáde ní kọ́nà, tí oje sì ń ta sí yín lẹ́sẹ̀, ẹ ti dín in jù bákan náà. Gééjì fọganáísà tó ń ka 100 kò lè fi ìyàtọ̀ 26 sí 29 hàn. Ẹ ra tiyín, onínọ́ńbà kékeré.

Tó bá ń jò tẹ́ ẹ kò mọ ibi tó ti wá, omi ọṣẹ á sọ. Fóòmù ní ihò sípóòkù: téèpù inú ti ṣí, ẹ tú gbogbo rẹ̀, kò sí ọ̀nà ẹ̀bùrú. Fóòmù ní ìdí fáàfù: rọ́bà ìdí kò bá ríìmù mu, tàbí nọ́ọ̀tì dẹ̀. Tí ihò bá tóbi ju ohun tí oje lè dí lọ, rọ́bà ìdíhò ti kẹ̀kẹ́ ni kẹ́ ẹ kì bọ̀ ọ́. Okùn rọ́bà tí fọganáísà ń lò fún mọ́tò nípọn jù; tí kò bá sí òmíràn, ẹ ní kó fi bíléèdì là á sí méjì ní òró rẹ̀. Tó bá jẹ́ ẹ̀gbẹ́ ló ya, ẹ gé ara ike makilíìnì tó ti tán, ẹ tẹ́ ẹ sínú ibi tó ya, kẹ́ ẹ wá fi túùbù sí i délé. Ọ̀rá píọ́ wọ́tà kò lágbára tó.

Ìyẹn ni pé túùbù kan gbọ́dọ̀ wà lápò nígbà gbogbo. Ṣùgbọ́n kẹ́ ẹ tó kì í sínú táyà tó ti ń lo oje fún oṣù mélòó kan, ẹ rántí pé oje ti dí ọ̀pọ̀ wáyà mọ́ inú ibẹ̀ láìjẹ́ kẹ́ ẹ mọ̀, orí wọn ṣì yọ sínú, wọ́n ń retí túùbù. Ẹ má fi ìka lásán wá wọn. Ẹ ká àkísà mọ́ ọwọ́, ẹ fi nu inú táyà yí ká, lápá kan, kẹ́ ẹ tún dá a padà. Ibi tí àkísà bá ti há, ibẹ̀ ni wáyà wà. Ẹ fi páláyà kékeré fà á jáde láti òde.